Omi Eérú Màámi

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé nǹkan méjì ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe: mi ò mọ̀ ọ́n dákẹ́, mi ò sì mọ̀ ọ́n bẹ̀bẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lójì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbarà, bí mo bá sì gbóhùn sókè ní kíláàsì kan, kíláàsì mẹ́ta ló ń jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé mo fi olú ṣe pákó, pákó tó fúyẹ́, tó le, tí iná kì í tètè ràn, ẹ má rò pé fáàrí ni mò ń ṣe. Mo ṣe é. Ó wà ńlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá gun orí rẹ̀ wò.

Olú tí ẹ̀ ń rí lóko yẹn, orí rẹ̀ lásán lẹ rí. Ara rẹ̀ gan-an wà nínú ilẹ̀, tàbí nínú igi tó ti ń jẹrà, fọ́nrán funfun wẹ́wẹ́ tó ń fà káàkiri bí òwú. Bí èèyàn bá gba èérún pákó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, tó pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, tó da irúgbìn olú sí i, tó sì kì í sínú àpótí, fọ́nrán yẹn á máa jẹ ẹ́, á sì máa so ó pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á ti di odidi kan. Ẹ wá gbé e sínú ooru kí olú náà kú, ó di pákó nìyẹn. Fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, èyí tí kì í jẹrà, tó ń dí gọ́tà wa pa ní gbogbo ìgbà òjò, iṣẹ́ rẹ̀ ni pákó tèmi ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fọ́ ọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní pẹ́ di ilẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ro irú rẹ̀ láyé o, mi ò ní parọ́. Àwọn òyìnbó ti ń ṣe é nínú yàrá tí eruku ò lè wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Èmi ń ṣe tèmi ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìjẹmọ, níbi tí adìyẹ ti ń kọjá, tí ewúrẹ́ aládùúgbò ti ń wá bẹ̀ wá wò. Ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá gbìn ló ń bu. Ṣé ẹ mọ bí búrẹ́dì ṣe ń bu, tó ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé lára? Bẹ́ẹ̀ gan-an. Odidi ọdún kan, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tí àpótí mi á ti di àwọ̀ ewé, á sì máa rùn. Mo sè é lórí iná títí tí owó gáàsì fi sú mi. Ó ṣì ń bu.

Màámi ló ni ẹ̀yìnkùlé náà. Aláró ni. Ó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń fi omi eérú re aṣọ, nígbà tó jẹ́ pé sódà inú ike ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ìkòkò rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, àpótí mi wà lápá òsì, a ò sì dí ara wa lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń da àpótí bíi mẹ́jọ tó ti bu sórí ààtàn, tí mo ń bá ara mi jà, ó kàn wò mí, ó bu omi eérú kún báàfù kan, ó sì gbé e síwájú mi.

"Rẹ èérún pákó rẹ sínú èyí di ọ̀la kí o tó gbìn ín."

"Màámi, olú ni mò ń gbìn o. Mi ò re aṣọ."

"Ṣé mo ní o ń re aṣọ ni?"

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Mo rẹ ẹ́ kí n lè padà wá fi hàn án pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò bu. Ọ̀sẹ̀ méjì, funfun báláú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo yọ ọ́ nínú àpótí, mo fi ìka kàn án, ó dún kó-kó-kó. Mo kígbe débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá bi wá bóyá ejò ni. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Sátidé, Màámi á pọn omi eérú kún kẹ́ẹ̀gì kan fún mi, èmi á sì gbé e, mo di ọlọ́rọ̀ pákó. Ọdún méjì ló fi rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ìgò àti àwo ránṣẹ́ káàkiri rí pákó náà, ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í bá ẹni tí kò ní pátẹ́ǹtì dá òwò pọ̀. Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ìwọ lo hùmọ̀ nǹkan, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe é tà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má lọ ṣe é fúnra wọn kí wọ́n sì kí mi pé ó dàbọ̀. Bí mo bá sì rí i gbà, iṣẹ́ ọwọ́ mi fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Mo ti lá a lálàá pé n ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Mo wá agbẹjọ́rò kan ní Òkè Ìléwó, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní bàọ́lójì nígbà kan rí, tí kò mọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ajé yẹn, ìkórè bọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú ilé oníṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín. Ohun tuntun tó bá ti ọwọ́ ẹni jáde, a kì í tà á kí àkọ́so rẹ̀ tó dé iwájú pẹpẹ. Iṣu ni o, aṣọ ni o, àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni o. Màámi ti gbọ́ pé mo fẹ́ máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣòwò. "O fẹ́ máa ta ohun tí Ọlọ́run ò tíì fojú rí?" ló bi mí. Ojú tì mí. Bá a ṣe mú pákó tó dára jù lọ nìyẹn, a so rẹ́bọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, a sì gbé e lọ, ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn.

Fíkà gbé e sókè, ó ní kí ni èyí. Màámi gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ó gba máíkì rí. Ó ṣàlàyé fún gbogbo ìjọ, láti orí èérún pákó dé orí èèpo ẹ̀gẹ́, bá a ṣe ń da irúgbìn olú sí i, iye ọ̀sẹ̀ tó ń lò nínú àpótí, bá a ṣe ń yan án. Àwọn èèyàn ń ké "Háà!" Obìnrin kan tí òun náà ń re aṣọ, tó kéré sí Màámi lọ́jọ́ orí, dìde lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló wá dé tí kò fi bu?"

"Ọlọ́run ni," Màámi wí.

"Àmín!" ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn. Èmi ni mo pariwo jù. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Wọ́n lu pákó náà ní gbàǹjo, ọ̀gá akọrin ló rà á, ó ní òun á máa gbé fèrè òun lé e lórí. Inú mi dùn, orí mi wú, mo sì sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó níwájú agbẹjọ́rò mi. Ó ti tẹ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, orúkọ mi ti wà níbẹ̀ ní àyè ẹni tó hùmọ̀. Ó wá ní òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan péré.

"Mà, ta ló ti rí nǹkan yìí? Ta ló ti mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo gbé àyà síwájú. "Gbogbo ìjọ!" mo wí. "Fíkà gan-an gbé e sókè. Màámi ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké!"

Ó fi bírò sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá dá ìwé ìdánwò rẹ̀ padà. Ó wá sọ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé nǹkan tí ìjọba ń fún ní irú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, pé ohun tí a bá ti sọ fáyé gbọ́ kí a tó mú un wá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n ìkórè ni! Àkọ́so ni mo gbé lọ!"

"Òfin ò mọ àkọ́so, Mà."

Ọmọ tí mo nà nítorí pé kò mọ iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kí n lọ sílé, kí n kọ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ kù, bóyá ohun kan ṣì wà tá ò tíì sọ. Ó kó fọ́ọ̀mù náà fún mi. Mo gun ọ̀kadà. Kí a tó dé Ìjẹmọ, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe èmi.

Màámi wà nídìí ìkòkò rẹ̀. Mi ò kí i. Mi ò kí ìyá mi o.

"Màámi, ẹ ti bà á jẹ́!"

"Kí ni mo bà jẹ́?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ tó yẹ àti èyí tí kò yẹ. Mo ní ọdún mẹ́ta iṣẹ́ mi ti wọgbó nítorí máíkì. Mo ní ta ló ní kí ó gba máíkì. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìró, ó sì jókòó.

"Ta ló pàtẹ́wọ́ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mú bírò. Wọ́n ní kó o kọ ohun tí mo wí, àbí? Kọ ọ́. Èérún pákó, mo sọ ọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́, mo sọ ọ́. Irúgbìn, àpótí, iná, mo sọ gbogbo ẹ̀. Eérú ńkọ́?"

Mo gbé orí sókè.

"Nígbà tí obìnrin yẹn bi mí pé kí ló dé tí kò bu, kí ni mo wí?"

"Ẹ ní Ọlọ́run ni."

"Ẹn-hẹ́n," Màámi wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ láti kékeré. Aláró á na aṣọ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò, ṣùgbọ́n eérú tó fi re é, ọmọ tí yóò jogún ìkòkò nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Bí ẹni mìíràn bá béèrè, "Ọlọ́run ni" ni èsì. Ìyá Màámi ló fi kọ́ ọ. Obìnrin tó bi í léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni Màámi tì mọ́ òun lójú. Èmi nìkan ni mo rò pé àdúrà ni.

Mo fò sókè. Mo pe agbẹjọ́rò, mo fi fóònù sórí sípíkà kí Màámi lè gbọ́. Inú òun náà dùn. Ó ní iye tí òun mọ̀, èérún pákó àti olú yẹn, àwọn òyìnbó ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi eérú gan-an ni ìhùmọ̀ tiwa, òun ló sì yẹ ká kọ. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o, Mà. Irú eérú tó jẹ́, bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó, iye wákàtí, títí tí ẹlòmíràn fi lè kà á kó sì ṣe é. Ìjọba á wá fi ogún ọdún lé àwọn èèyàn sẹ́yìn fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti gbogbo ayé."

Mo pa fóònù. Màámi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ohun tí mi ò sọ níwájú Ọlọ́run," ó wí, "kí n wá lọ sọ ọ́ ní Àbújá."

Ó na ọwọ́, ó ní kí n mú ìwé tí mo mú bọ̀ wá. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ, ó sì mọ̀wé kà dáadáa. Ó fi ìka tó ti di dúdú nínú aró tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dúró.

"Ẹni tó hùmọ̀. Ta ni èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ nìkan?"

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni n ó sọ. Bí mo bá ní mo gbàgbé ni, irọ́ ni. Ohun tó ti wọni lọ́kàn rí lèèyàn ń gbàgbé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti ka omi rẹ̀ mọ́ omi ẹ̀rọ, ohun tó ń bẹ nílé, tí a kàn ń pọn.

"Ó dáa," ó wí. "Tíṣà, kọ ọ́ báyìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe omi eérú yẹn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀ wá.

"Ọdún méjì lo fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ," ó wí. Kò gbóhùn sókè. "O bi olú ní ìbéèrè, o bi kòkòrò, o bi adìyẹ. O ò bi mí rí. Láti ìgbà tó o ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ń retí kó o bi mí. Mo wá rò pé iṣẹ́ náà ń rùn sí ọ ni."

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó kí n tó ṣe é. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má bínú, mo ti ṣe yín ní ohun tí kò dára, ojú ń tì mí. Omi ń dà lójú mi, ikun ń yọ nímú mi.

"Ó kúkú mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀," ó wí, bí ẹni ń sọ fún ìkòkò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti lọ sídìí sódà. Kò sí ẹni tó ń béèrè eérú mọ́. "Ta ni mò ń pa á mọ́ fún? Bí mo bá gbé e wọ sàréè, Ọlọ́run tí mo ń fi orúkọ rẹ̀ dáhùn yẹn á bi mí." Ó yọ awò ojú. "Bi mí."

"Màámi, báwo la ṣe ń ṣe omi eérú?"

"Dìde, kó o fọ ojú rẹ ná."

A ti lo ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tán kí n tó mọ̀ ọ́n. Èèpo kòkó ló fi ń ṣe é, gbígbẹ dáadáa, pẹ̀lú igi kan tí ẹ máa ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba bẹ́ ẹ bá fẹ́. A sun ún lẹ́ẹ̀kan, a fi omi pò ó, a mọ ọ́n ní ìṣù, a tún un sun. A da eérú náà sínú ìkòkò tí a lu nídìí, a gbé e ka orí òmíràn, omi á máa kán tó, tó, tó, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Màámi á fi ìka kan án, á tọ́ ọ wò. "Kó ge ọ́ láhọ́n díẹ̀, kó má bù ọ́ jẹ." Èmi ò lè kọ "kó ge ọ́ láhọ́n" sínú pátẹ́ǹtì. Mo mú pépà tí a fi ń dán ásíìdì wò wá láti láàbù ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbàkigbà tí Màámi bá ní "ó tó," mo ti pépà bọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọ̀ kan náà ni. Èmi náà fi ahọ́n tèmi tọ́ ọ, mo ní ó tó. Pépà ní irọ́ ni mò ń pa. Màámi rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi já bọ́.

Orúkọ méjì ló wọ ìwé náà lọ, tirẹ̀ ló ṣáájú. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, agbẹjọ́rò ní kí a kọ ohun tó máa dún létí, bí olùwádìí tàbí onímọ̀. Màámi ní aláró ni òun. Ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, létà kan lẹ́yìn èkejì, ó tò bí ẹyin nínú àwo. Ìwé náà sì jáde. Ilé-iṣẹ́ onígò yẹn ń pè wá báyìí, àwa ló kù tá a ń sọ pé kí wọ́n dúró ná, a ṣì ń ronú.

Nígbà tí ìkórè tún pé, a gbé pákó mìíràn lọ. Èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tún fúyẹ́ jù ú lọ. Fíkà gbé e sókè, Màámi gba máíkì, mo mú ọkàn le. Obìnrin aláró ọjọ́ yẹn tún dìde. Mo mọ̀ pé yóò dìde.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò tíì sọ fún wa. Kí ló dé tí kò fi bu?"

Gbogbo ìjọ ti ń la ẹnu sílẹ̀ de àmín. Màámi wò ó, ó sì wẹ̀yìn, ó wò mí.

"Èmi ni," ó wí.

Ìjọ ń wo ara wọn lójú, wọn ò mọ̀ bóyá àmín ló kàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.